Ìgbà tí mo jáwọ́ nínú lílé e ni ọmọ ajá mi jáwọ́ nínú gbígbé nǹkan mì

Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi ni, ìbọ̀sẹ̀ kékeré, ẹsẹ̀ kan péré. Mò ń ká aṣọ tó ti gbẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, Tanímọ̀la, ọmọ ajá wa, ò tíì ju ọmọ ọ̀sẹ̀ 13 lọ nígbà yẹn, ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, àfi bí mo ṣe wolẹ̀ tí mo rí i pé ó ti gbé ìbọ̀sẹ̀ sẹ́nu tó ń wò mí. Mo pariwo, mo ní "Tanímọ̀la, fi í sílẹ̀!" mo dìde, ó sá, mo gbá tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ gbọ́ ariwo, àwọn náà jáde, ọkọ mi jáde, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í lé e yí tábìlì ká, ó bọ́ sábẹ́ àga, mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ṣe na ọrùn sókè lójú mi báyìí, ó gbé e mì, ó tún mi ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbọ̀sẹ̀ ò sí lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Gbogbo ara mi gbọ̀n. Mo ya ẹnu ẹ̀, mo wo inú ẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ahọ́n. Ọkọ mi gbé e, èmi ń pe dókítà ẹranko lórí fóònù bá a ṣe ń jáde, wọ́n ní ká máa bọ̀ kíákíá, ká má fún un lóúnjẹ, ká má sì gbìyànjú láti mú un bì fúnra wa nílé. Nígbà tá a débẹ̀ wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan tó máa ń mú ajá bì, kò pẹ́ tó fi bì í jáde lódidi, ó tutù, ó dì bí ìkúùkù ọmọdé. Mo sunkún níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti nífẹ̀ẹ́ ẹranko yìí tó báyẹn.

Dókítà wá ń fọ ọwọ́, wọn ò tiẹ̀ wò mí, wọ́n kàn béèrè pé, "Mà, ta ló ń lé e nígbà tó gbé e mì?"

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá sọ. Mo ní gbogbo wa ni. Wọ́n ní ẹ̀n-hẹ́n. Wọ́n ní ọmọ ajá tó gbé ìbọ̀sẹ̀ sẹ́nu, lọ́pọ̀ ìgbà ó kàn fẹ́ fi eyín tẹ̀ ẹ́ ni, ó fẹ́ mọ ohun tó jẹ́, kò ní in lọ́kàn pé òun fẹ́ jẹ ẹ́ yó. Àmọ́ tí èèyàn mẹ́rin bá ń sáré bọ̀ wá já a gbà lẹ́nu ẹ̀, ibì kan ṣoṣo ló kù tó lè fi í pamọ́ sí tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti ní tó o, inú ikùn ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi di bí mo ṣe ń sọ yìí. Torí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀yìn wò, gbogbo nǹkan tó ti gbé mì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dé ọ̀dọ̀ wa, tíṣù, rọ́bà irun, ìdérí bíìrò, gbogbo ẹ̀ pátá, a ń lé e ni. Èyí tá ò bá lé e sí, ó máa fi eyín jẹ ẹ́ láìgbé e mì títí ó máa sú u, ó máa fi sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó máa lọ sùn. Àwa la kọ́ ọ láti máa gbé e mì o, a ò kàn mọ̀ ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi ń jẹ nǹkan ná, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ìwà burúkú ni. Ọmọ ajá ò lọ́wọ́, ẹnu ẹ̀ lọwọ́ ẹ̀. Bí ọmọ èèyàn ṣe máa ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ń fẹnu kàn án. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ eyín wà níbẹ̀, eyín 28 ló máa ń kọ́kọ́ hù lẹ́nu wọn, tó bá ti ń tó bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àwọn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, eyín àgbà 42 á máa tì wọ́n jáde, tí yóò fi tó bí oṣù mẹ́fà sí méje kó tó parí. Ẹ fojú inú wo èrìgì ẹni tí eyín ń ti eyín jáde níbẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta. Mo ti he eyín ẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì rí, ó kéré bí hóró ìrẹsì, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nídìí ẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan ṣá ni. Kẹ́ ẹ má sì rò pé tí eyín bá ti hù tán ó parí o, ọ̀pọ̀ wọn ṣì máa ń jẹ nǹkan kọjá ọdún kan, ṣùgbọ́n ara á ti rọ̀ díẹ̀.

Ìyá mi, nígbà tí mo ròyìn fún wọn, sọ pé kí n fi ìbọ̀sẹ̀ náà lu ú nímú kó lè mọ̀. Mo ní "Ẹ má bínú Màámi, kò ní yé e ni." Òótọ́ sì ni. Tí ajá bá ti ṣe nǹkan tán, tẹ́ ẹ wá débẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tẹ́ ẹ ń bínú, kò lè so ìbínú yín mọ́ nǹkan tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, ohun tó ń rí lójú ẹsẹ̀ ni pé ẹ̀yin ń bínú. Ojú tó máa ń ṣe yẹn, tó máa dorí kodò, tó máa gbé etí sẹ́yìn, tá a máa ń sọ pé "ẹ wò ó, ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀", ẹ̀rù yín ló ń bà á, ó ń bẹ̀ yín ni. Tó bá sì wá di pé ìgbàkígbà tí nǹkan bá wà lẹ́nu ẹ̀ tẹ́ ẹ dé ni wọ́n ń nà án, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé kó máa lọ jẹ ẹ́ níbi tẹ́ ò ti ní rí i, tàbí kó tètè gbé e mì. Àwọn kan á tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú mọ́ọ̀yàn.

Torí náà ohun tá a ṣe ni pàṣípààrọ̀. Máa ṣàlàyé èyí dáadáa torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

A ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan tí kò níye lójú ẹ̀ rárá, bébà onípálí kan báyìí tí mo kàn gé. Mo jẹ́ kó gbé e sẹ́nu, mo wá mú ẹran adìyẹ bíńtín tí mo ti bọ̀ tẹ́lẹ̀, mo gbé e síwájú imú ẹ̀ gẹ́lẹ́, mi ò sọ̀rọ̀, mo kàn dúró. Ẹnu ẹ̀ ṣí láti jẹ ẹran, páálí jábọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo sọ pé "fún mi", ó jẹ ẹran ẹ̀, mo mú páálí. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibí yìí, mo DÁ PÁÁLÍ PADÀ FÚN UN. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe apá yìí, èmi náà ò kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é, mo rò pé kí ló dé tí mo gbà á nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ́ nìyẹn, pé tí òun bá fi nǹkan sílẹ̀ òun ò pàdánù, òun jẹ ẹran, nǹkan òun sì tún padà wá. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa dá nǹkan òun padà kì í dì í mú gírígírí. A máa ń ṣe é bíi ìgbà márùn-ún léra léra, a máa fi í sílẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a tún ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo ti lè sọ "fún mi" kí n tó mú ẹran jáde, ó sì máa tu nǹkan tó wà lẹ́nu ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn la wá bọ́ sí nǹkan tó dùn mọ́ ọn díẹ̀, bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà bàtà, ìbọ̀sẹ̀ ló gbẹ̀yìn, mi ò sì ju ìyẹn padà fún un, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ni mo fi rọ́pò.

Ọkọ mi béèrè ìbéèrè kan tó dáa, ó ní ṣé kò wá ní máa jí nǹkan gbé kó lè jẹ ẹran ni? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Tanímọ̀la ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa lọ gbé bàtà, ó máa gbé e wá bá mi. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo wá rí i pé ajá tó gbé bàtà WÁ BÁ mi, àǹfààní ni, èyí tó gbé e sá lọ sábẹ́ àga ló lè kú sí mi lọ́wọ́. Mo ń gbà á, mo ń fún un ní tiẹ̀, mo sì ń gbé bàtà sókè.

Àmọ́ kí ẹ̀kọ́ tó wọlé ńkọ́? Torí nǹkan máa ń ṣẹlẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Ohun tá a fẹnu kò sí nílé ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré. Ẹnikẹ́ni tó bá rí nǹkan lẹ́nu ẹ̀, kó má pariwo, kó má wò ó lójú, kó kọjá lára ẹ̀ bí ẹni pé kò rí i, kó lọ ṣí fíríìjì. Ajá wo ni kò mọ ìró fíríìjì? Tàbí kó mú okùn tá a fi ń mú un jáde, kó mì ín. Tàbí kó da oúnjẹ ajá bíi mẹ́fà, méje sílẹ̀ káàkiri níbi tó jìnnà díẹ̀ sí i, kí ajá máa ṣà á jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ráyè mú nǹkan yẹn kúrò nílẹ̀ kó tó ṣà á tán. Ọmọ mi tó jẹ́ ọdún méje ló mọ eléyìí ṣe jù, ara ẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ. Tó bá jẹ́ nǹkan tó lè pa á lójú ẹsẹ̀ ni, tí kò sì fẹ́ tú u sílẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, ẹ ya ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ yọ ọ́, àgbàlagbà ni kó ṣe é o, kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bébà tàbí ewé, ẹ fi í sílẹ̀ jàre.

Ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ilé wá kù. Mo kúnlẹ̀, mo fi orúnkún rìn yíká gbogbo yàrá, mo gbé ojú mi sí ibi tí ojú ẹ̀ wà, ẹ gbà mí gbọ́, ilé tí mo rò pé ó mọ́ ò mọ́. Mo rí rọ́bà irun mẹ́ta, owó ẹyọ, abẹ́rẹ́ kan tí òwú ṣì wà nídìí ẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì ìránṣọ, bátìrì pẹlẹbẹ kékeré inú rìmóòtù, wáyà ṣájà tó wà nínú iná, mo sì rí ṣingọ́ọ̀mù nínú báàgì mi tó wà nílẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ṣúgà, ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n bá fi xylitol, ìyẹn ohun adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, ṣe é, ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́, díẹ̀ báyìí ti tó. Bátìrì pẹlẹbẹ yẹn ńkọ́, kò dìgbà tó bá jò, tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí kan. Irin òòfà kéékèèké inú nǹkan ìṣeré ọmọdé náà, tó bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn láti inú ìfun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sì lu ìfun náà.

Òwú ló wá bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀, torí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé nǹkan tó bá tínrín á kọjá. Dókítà ló ṣàlàyé fún mi: òwú, okùn, tẹ́ẹ̀pù kásẹ́ẹ̀tì, okùn inú ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya, orí kan ẹ̀ máa há sábẹ́ ahọ́n tàbí síbi tí àpòlúkù ti ń ṣí sínú ìfun, orí kejì á máa bá ìfun lọ, ìfun á máa gbìyànjú láti tì í síwájú, dípò kí okùn kọjá, ìfun fúnra ẹ̀ ló máa wá ká jọ lé okùn lórí, bí ìgbà téèyàn fa okùn ṣòkòtò tí ìbàdí ẹ̀ wá kó jọ. Okùn náà á máa rẹ́ ìfun bí ayùn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ bá rí okùn tó yọ jáde ní ìdí ajá tàbí lẹ́nu ẹ̀, ẹ má fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á rárá, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí mo lọ kó gbogbo tọ́ì onókùn tá a ti rà fún un jọ, àwọn èyí tí wọ́n máa ń hun tó ní kókó lórí méjèèjì, nítorí ó ti ń fa òwú ara ẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń bá wa fa á ṣeré nísinsìnyí, tá a bá ti ṣe tán a máa gbé e sókè, a kì í fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Kí ló wá yẹ kó máa fi eyín jẹ? Torí ẹ ò lè gba gbogbo nǹkan lẹ́nu ẹni tí eyín ń dùn kẹ́ ẹ má fún un ní nǹkan kan. Rọ́bà oníhò tó le díẹ̀ ló wúlò fún wa jù, a máa rẹ oúnjẹ ẹ̀, a máa kì í sínú ihò yẹn, a máa gbé e sí fírísà kó dì, ó máa lá a fún ìdajì wákàtí, òtútù ẹ̀ sì ń tu èrìgì lára. Kárọ́ọ̀tì ńlá tó tutù dáa, táwẹ́ẹ̀lì kékeré tá a rẹ sómi tá a gbé sí fírísà náà dáa, ṣùgbọ́n ojú ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, torí táwẹ́ẹ̀lì náà aṣọ ni. Nǹkan méjì ni mo máa ń wò kí n tó gbé tọ́ì sílẹ̀ fún un. Àkọ́kọ́, mo máa tẹ èékánná mi mọ́ ọn, tí kò bá tẹ̀ wọlé rárá ó ti le jù, ó lè la eyín, bíi ìwo àgbọ̀nrín àti egungun tó gbẹ. Èkejì, kò gbọ́dọ̀ kéré débi tó máa lè wọ ẹ̀yìn eyín ṣóṣóró iwájú ẹ̀ lódidi, bí ẹnu ẹ̀ sì ṣe ń tóbi lóṣooṣù ni mo ń yọ àwọn kéékèèké kúrò. Egungun tá a ti sè, rárá, ó máa ń fọ́ ṣóṣóró ni. Bàtà tó ti gbó náà, ẹ má fún un, kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tẹ́ ẹ ti pa tì àti èyí tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ́la.

Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu ni oorun. Ọmọ ajá lè sùn tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́, tiwa ò rí i sùn tó bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ń bá a ṣeré ṣáá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ á wá ya wèrè, á máa sáré káàkiri, á máa gé gbogbo nǹkan jẹ, a rò pé ó ní agbára jù ni, a tún máa mú un jáde lọ sáré, ó túbọ̀ ń burú sí i. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù ni, bí ọmọ ọwọ́ tí oorun ń kùn tó ń ké. Ní báyìí a ti fi irin ṣe ọgbà kékeré fún un ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, ibùsùn ẹ̀ wà níbẹ̀, omi ẹ̀ wà níbẹ̀, tọ́ì ẹ̀ wà níbẹ̀, tó bá ti ṣeré bíi wákàtí kan ó máa wọ ibẹ̀ lọ sùn. Tí ojú mi ò bá lè wà lára ẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, tàbí kí n so okùn ẹ̀ mọ́ ìbàdí mi kó máa tẹ̀ lé mi ká ilé. Èyí nìkan dín nǹkan tó ń rí gbé kù ju gbogbo ẹ̀kọ́ lọ, kí n sòótọ́.

Ajá tó bá ń gbé òkúta, iyẹ̀pẹ̀ àti aṣọ mì láìsí pé ẹnikẹ́ni ń lé e, tí kò tiẹ̀ jẹ ẹ́ ṣeré tó fi gbé e mì, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ò dà dáadáa nínú ẹ̀. Wọ́n tún lè kọ́ ọ láti wọ ìbọnu oníhò tó ṣì máa lè fi mu omi tó sì máa lè mí, kẹ́ ẹ fi máa mú un rìn níta. Kì í ṣe ìyà o, mo mọ àwọn tí ìyẹn gba ajá wọn là.

Tó bá ti gbé e mì ńkọ́? Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wò ó bóyá á ṣu ú jáde. Àkókò ló ṣe pàtàkì jù, torí láàárín bíi wákàtí méjì àkọ́kọ́ nǹkan náà sábà máa ń ṣì wà nínú àpòlúkù, wọ́n lè mú un bì í tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́ láti ọ̀nà ọ̀fun, tó bá ti wọ ìfun tó sì há, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ẹ má fún un ní omi iyọ̀ mu, iyọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ lè pa á. Tó bá jẹ́ nǹkan ṣóṣóró tàbí bátìrì tàbí kẹ́míkà, mímú un bì lè ṣe é léṣe lẹ́ẹ̀kejì bó ṣe ń jáde, dókítà ló máa pinnu. Ẹ mú ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kejì tàbí páálí nǹkan náà dání, torí aṣọ àti ike kì í sábà hàn nínú X-ray, ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Tẹ́ ò bá sì rí i nígbà tó gbé e mì, ẹ máa ṣọ́ bó ṣe ń bì léraléra, bó bá mu omi tó tún bì í, tó kọ oúnjẹ, tó kàn ń sùn sí kọ̀rọ̀ kan, tí inú ẹ̀ le tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, tó ń tẹnu mọ́lẹ̀ tó gbé ìdí sókè bí ẹni ń na ara, tó ń gbìyànjú láti ṣu tí kò rí i ṣu. Ọmọ ajá kì í pẹ́ tí omi ara ẹ̀ fi ń gbẹ. Kódà tó bá jẹ́ òru, ẹ gbé e lọ.

Tanímọ̀la ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Láti ọjọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì gbé nǹkan kan mì tá a mọ̀, ó ti jẹ etí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti jẹ ẹsẹ̀ àga kan tán, ìyẹn ò dùn mí. Lánàá mò ń fọ abọ́ ní kíṣìnì, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn mi, mo yíjú padà, ó ti jókòó, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo nu ọwọ́, mo ní "fún mi", ó tu ú sílẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo ṣí fíríìjì, mo fún un lẹ́ran tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà mo lọ ti ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ tí wọ́n tún ṣí sílẹ̀.